Títì tó gba iwájú pápá Montjuïc: kí ló pa eré-ìje ọkọ̀ ibẹ̀?

Kúnlé_Barça

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo Barça láti 2023, nígbà tí wọ́n ń tún Camp Nou kọ́, ẹ ó rántí pápá orí òkè tí wọ́n yá lò, Montjuïc. Lánàá nílé ìwòran, ọ̀gbẹ́ni kan là á mọ́lẹ̀ pé títì tó gba iwájú pápá yẹn ni wọ́n ti ń sá eré Formula 1 nígbà kan. Mo ní kó lọ jókòó. Ó tún ní obìnrin kan gba máàkì níbẹ̀, àti pé láti ìgbà náà obìnrin mìíràn ò tíì rí irú ẹ̀ gbà. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ eré-ìje, ṣé kì í ṣe pé ó ń fi wá ṣeré? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọn ò sá a níbẹ̀ mọ́?

Bàbá_Gíà

Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò parọ́, Kúnlé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Formula 1 dé Montjuïc: 1969, 1971, 1973 àti 1975. Jarama tó wà ní Madrid ló ń gba àwọn ọdún tó wà láàárín.

Títì ìlú gidi ni o, kì í ṣe ibi tí wọ́n dìídì kọ́ fún ọkọ̀. Kìlómítà 3.79 ni ìyípo kan, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì ń yí i sí. Iwájú pápá ìṣeré ni wọ́n ti ń gbéra. Títì náà á gùn lọ tààrà, ó ní gegele kan lójú ọ̀nà, lẹ́yìn gegele yẹn á já wálẹ̀ lọ bá kọ́nà El Angulo, èyí tó ṣẹ́rí padà pátápátá. Láti ibẹ̀ wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ gba ọgbà òdòdó, gba ẹ̀gbẹ́ Teatre Grec, títí wọ́n á fi dé ìsàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá tẹná, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ Poble Espanyol gòkè padà. Apá òkè ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, apá ìsàlẹ̀ ni eré wà. Igi, ògiri àti òpó iná ló wà létí títì. Ibi tí awakọ̀ lè yà sí tí nǹkan bá bàjẹ́, kò sí.

Kì í sì í ṣe Formula 1 ló dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Penya Rhin ti ń ṣe ìdíje lórí òkè yẹn láti 1933. Ní oṣù kẹfà ọdún 1936, Tazio Nuvolari fi Alfa Romeo na Mercedes àti Auto Union, àwọn Jámánì tí apá ẹnikẹ́ni ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ká nígbà yẹn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ogun abẹ́lé Sípéènì bẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun, Pedralbes ni wọ́n lọ, títì gbàgede mìíràn nínú Barcelona kan náà. Ibẹ̀ ni Fangio ti di akọni àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1951. Jàǹbá Le Mans 1955, níbi tí ọkọ̀ eré-ìje ti pa ọ̀pọ̀ òǹwòran ní ilẹ̀ Faransé, ló mú kí wọ́n pa ìyẹn tì. Ẹ wá rí i pé Barcelona ti sin eré títì kan kí wọ́n tó jí Montjuïc dìde.

Adérónkẹ́_Peckham

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀ o. Pápá yẹn kan náà ni àwọn ọmọ wa ti gba fàdákà 4x100 ní Olympics 1992: Oluyemi Kayode, Chidi Imoh, Olapade Adeniken àti Davidson Ezinwa. Àwọn obìnrin wa gba idẹ: Beatrice Utondu, Faith Idehen, Christy Opara-Thompson àti Mary Onyali. Kúnlé, o mọ gbogbo ibi tí Lewandowski tẹ̀ lórí pápá yẹn, o ò mọ ibi tí Adeniken gbà kọjá.

Kúnlé_Barça

Àǹtí Rónkẹ́, wọn ò tíì bí mi ní 1992 o 😂 Bàbá, ẹ ò tíì sọ ohun tó pa eré náà.

Bàbá_Gíà

Rọra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1975 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ti 1969.

Láyé ìgbà yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìyẹ́ sára ọkọ̀ ni. Atẹ́gùn á máa tẹ ìyẹ́ náà wálẹ̀ kí táyà lè di títì mú dáadáa. Àwọn ọ̀pá tín-ín-rín gíga ni wọ́n gbé e lé, ó ga ju orí awakọ̀ lọ fíìfíì. Ẹgbẹ́ Lotus ní ká fẹ̀ ẹ́ sí i. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún 1969, Graham Hill, ẹni tó jẹ́ akọni àgbáyé nígbà yẹn, ń bọ̀ lórí gegele tí mo sọ. Ìyẹ́ já. Ọkọ̀ lọ fẹnu sọ irin etí títì. Ọlọ́run yọ ọ́, ó bọ́ sílẹ̀ láìfarapa púpọ̀, ó wo ìyẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ́, ó wá wo Jochen Rindt tí wọ́n jọ wà ní Lotus, tó ń ṣíwájú gbogbo wọn lọ. Ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá a dúró. Kí iṣẹ́ yẹn tó dé, ìyẹ́ Rindt náà já níbì kan náà, ó sì lọ kọlu òkú ọkọ̀ Hill. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣẹ́.

Chris Amon ló gba iwájú pẹ̀lú Ferrari, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú. Jackie Stewart gbà á, ó sì fi ìyípo méjì gbáko ju Bruce McLaren tó ṣìkejì lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Monaco, wọ́n fòfin de ìyẹ́ gíga. Rindt fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn oníròyìn pé kí wọ́n mú ìyẹ́ kúrò.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání rèé: kí ìdíje 1969 tó wáyé, àwọn awakọ̀ ti taku pé àfi kí wọ́n fi irin Armco dí ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì. Stewart ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rojọ́ rojọ́ kí wọ́n tó ṣe é. Irin yẹn ni kò jẹ́ kí Hill àti Rindt fò wọ àárín èrò.

Wẹ́dà_Mushin

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ibi tẹ́ ẹ ti mẹ́nu ba irin ni mo ti jí. Ìyẹ́ yẹn, ibo ni wọ́n dè é mọ́? Ṣé ara ṣáṣì ni, àbí apá táyà? Torí tó bá jẹ́ apá táyà ni, gbogbo jìgìjìgì títì ló ń lọ tààrà sínú ọ̀pá yẹn. Irin tín-ín-rín ò lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ pẹ́. Á kọ́kọ́ là bí irun orí, ojú ò ní rí i, ẹ ó sì máa kùn ún lọ́dà lọ. Ọjọ́ tó bá já lẹ ó mọ̀.

Bàbá_Gíà

O mọṣẹ́ ẹ! Apá táyà ni. Tí ọkọ̀ bá sì dé orí gegele, ìwúwo á kúrò lára rẹ̀, lójijì gbogbo ẹ̀ á tún já lé e padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ibì kan náà ni tàwọn méjèèjì ti já.

1971 àti 1973 ò le. Ní 1971 Stewart ló gbà á, ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ Ken Tyrrell, ọ̀gá Stewart, fúnra wọn ṣe. Ọdún yẹn náà ni Firestone kó táyà dídán tí kò ní ilà wá sí Formula 1. Ní 1973, Emerson Fittipaldi gbà á fún Lotus, ìṣẹ́gun àádọ́ta wọn nìyẹn. Àwọn èèyàn sì ti ń gbàgbé pé irin etí títì nílò ìtọ́jú.

Bíyì_Brum

Ẹ forí jì mí, ẹ jẹ́ n fi tiwa níbí kún un. Birmingham náà sá eré títì láti 1986 sí 1990, Formula 3000 (ìpele tó wà lábẹ́ Formula 1), ìparí oṣù kẹjọ lọ́dọọdún. Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe lọ́tọ̀ ní 1985 ni wọ́n fi rí títì tì pa. Òjò ba ti ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ débi pé wọ́n dá a dúró kó tó parí. Jean Alesi gba ti 1989. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo bá gba Bristol Street kọjá, mi ò lè fọkàn rí i pé ọkọ̀ eré-ìje bá ibẹ̀ kọjá rí, go-slow lásán ló kún ibẹ̀. Bàbá, ẹ máa bá 1975 lọ.

Bàbá_Gíà

O ṣé, Bíyì. Ó dáa, 1975.

Ìparí oṣù kẹrin ni. Àwọn awakọ̀ dé, wọ́n yẹ títì wò. Irin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì àwọn ibì kan, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi yí i. Ibòmíràn, bóòtì ò sí rárá, irin kàn fara ti òpó lásán ni. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, GPDA, ní àwọn ò gun ọkọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ kọjá lọ báyẹn. Jacky Ickx tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn jáde ní tiẹ̀. Àwọn mekaníìkì wá kó sípánà, wọ́n ń lọ láti òpó dé òpó, wọ́n ń dè é. Ken Tyrrell, ọ̀gá pátápátá tó ni ẹgbẹ́, wà lára àwọn tó mú sípánà bọ́ sí títì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ àlejò nìyẹn? Ẹni tó pe àpèjẹ ló yẹ kó gbálẹ̀.

Dípò kí wọ́n tọrọ àforíjì, àwọn olùṣètò fi agbára bọ̀ ọ́. Inú pápá ìṣeré ni wọ́n kó gbogbo ọkọ̀ sí. Tí wọ́n bá ti géètì, tí wọ́n sì pe Guardia Civil, ọlọ́pàá Sípéènì, wá, ọkọ̀ ò ní jáde mọ́. Franco, apàṣẹ-wàá Sípéènì, ṣì ń ṣèjọba nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé àwàdà ni. Àwọn olówó ẹgbẹ́ gbọ̀n, wọ́n bẹ awakọ̀ wọn, awakọ̀ sì gbà. Fittipaldi tó jẹ́ akọni àgbáyé lọ́wọ́ rọra yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n má bàa ní ó rú àdéhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó wọ bàálù, ó gba ilé lọ. Wilson ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Arturo Merzario gbéra pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n yípo kan, wọ́n páàkì.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ferrari méjèèjì, Lauda àti Regazzoni, ló wà níwájú. Andretti sún Lauda, Lauda gbá Regazzoni, ó parí fún Lauda kó tó bẹ̀rẹ̀. James Hunt gba iwájú, ọ́ìlì tó dà sójú títì yọ̀ ọ́ ṣubú. Andretti gbà á, nǹkan já lábẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni Rolf Stommelen ṣe bá ara rẹ̀ níwájú, òun tí kò tíì ṣíwájú ìdíje rí. Ọkọ̀ ta ló sì ń wà? Ti Graham Hill. Hill yẹn kan náà. Ó ti di olówó ẹgbẹ́.

Ìyípo 26. Gegele yẹn kan náà. Ìyẹ́ ẹ̀yìn já. Ọkọ̀ gbá irin apá kan, ó ta padà sójú títì, Carlos Pace tó ń bọ̀ lẹ́yìn fẹ́ yẹ̀ fún un, òun náà forí sọ irin. Ti Stommelen fò kọjá irin apá kejì, ó bọ́ sáàárín èèyàn. Àwọn ìwé kan kọ pé èèyàn 4 ló kú, àwọn mìíràn kọ 5. Ẹsẹ̀ Stommelen ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó yè é.

Èyí tó ń bí mi nínú jù: wọn ò dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ó di ìyípo 29, nínú 75 tó yẹ kí wọ́n sá, kí wọ́n tó ju àsíá. Jochen Mass ni wọ́n kéde pé ó gbà á. Òun nìkan ni ìdíje Formula 1 tó gbà láyé rẹ̀, ìlàjì máàkì ni wọ́n sì fún un.

Adérónkẹ́_Peckham

Kú ìrọ́jú, Bàbá. Obìnrin tí Kúnlé ń fi ṣẹ̀rín ńkọ́?

Bàbá_Gíà

Lella Lombardi, ọmọ Ítálì. Ọkọ̀ March ló ń wà. Nígbà tí wọ́n dá ìdíje dúró, ipò kẹfà ló wà. Kẹfà máa ń gba máàkì 1, wọ́n pín in sí méjì, ó gba 0.5. Maria Teresa de Filippis ti wakọ̀ Formula 1 ṣáájú rẹ̀, ní 1958, ṣùgbọ́n kò rí máàkì gbà. Títí di òní, 0.5 yẹn ni gbogbo máàkì tí obìnrin tíì gbà nínú ìdíje àgbáyé Formula 1. Ọdún 1992 ni Lombardi kú, ọdún tí àwọn ọmọ tìrẹ ń sáré nínú pápá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, Rónkẹ́.

Kúnlé_Barça

Háà! Ìlàjì máàkì, ìlàjì ìdíje, òkú èèyàn lórí ẹ̀. Inú obìnrin yẹn ò ní lè dùn sí i.

Wẹ́dà_Mushin

Bàbá, mo fẹ́ bá yín jiyàn díẹ̀, ẹ má bínú. Gbogbo ìjà ọjọ́ Jímọ̀, nọ́ọ̀tì ni wọ́n ń jà lé lórí, àbí? Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ṣe rò ó yìí, irin ò já. Ọkọ̀ fò lórí irin ni. Tí gbogbo nọ́ọ̀tì bá le bí òkúta, ọkọ̀ tó ti kúrò nílẹ̀ ò ní dúró. Ẹni tó bá ń wá ọ̀daràn, kó lọ sídìí ìyẹ́. Ẹni tó ṣe ọ̀pá ìyẹ́ yẹn ló pa wọ́n.

Bíyì_Brum

Mo fara mọ́ Wẹ́dà. Kódà, tí wọ́n bá ti dè é dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹ́ yẹn ṣì máa já.

Bàbá_Gíà

Mi ò sọ pé ìyẹ́ ò jẹ̀bi. Carbon fibre, ohun líle fúyẹ́ tí wọ́n fi okùn kábọ́ọ̀nù ṣe, ni wọ́n fi ṣe ohun tó gbé ìyẹ́ Stommelen dúró, nǹkan tuntun ni nígbà yẹn, wọn ò tíì mọ bó ṣe ń ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: kí ni ìyẹ́ tó já ní Jarama ì bá ṣe? Ọkọ̀ á wọ ilẹ̀ gbalasa, á fi iyanrìn bora, awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á máa bú mekaníìkì. Ní Montjuïc, lẹ́yìn irin, èèyàn ló kàn. Ayafọ́tò àti panápaná wà níbẹ̀, nítorí ibòmíràn tí wọ́n lè dúró sí ò sí. Ara òkè ni títì náà lẹ̀ mọ́, kò ṣeé fẹ̀. Ohun tí àwọn awakọ̀ ń pariwo ju nọ́ọ̀tì lọ. Nọ́ọ̀tì ni ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wọn pé ẹni tó ń ṣètò ò ka ẹ̀mí sí.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_BCN

Ẹ kú àṣálẹ́ o. Mo ń gbé nílùú yìí, mo sì ń gba ọ̀nà yẹn kọjá dáadáa. Títì náà ṣì wà. Kúnlé, tóo bá wá, wọ bọ́ọ̀sì 150 ní Plaça Espanya. Ó máa gba iwájú Poble Espanyol, ó máa gun òkè lọ sí pápá ìṣeré. Apá ibi tí wọ́n ti ń tẹná nìyẹn, ìhà kan náà tí ọkọ̀ ìdíje ń kọrí sí ni bọ́ọ̀sì náà ń kọrí sí. Sọ̀ kalẹ̀ níwájú pápá, kóo máa fẹsẹ̀ rìn lọ síwájú, wàá rí ibi tí ilẹ̀ ti dà sísàlẹ̀. Mo fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Bàbá: tóo bá dúró síbẹ̀, tóo wo bí títì ṣe rí tóóró tó, wàá bú ẹni tó ní kí wọ́n sáré níbẹ̀. Pápá yẹn gan-an, ògiri iwájú rẹ̀ nìkan ni ti 1929, wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ kọ́ tuntun nítorí Olympics.

Wẹ́dà_Mushin

Ẹ̀gbọ́n BCN, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n títì tóóró pọ̀ láyé, Monaco tóóró, wọ́n ṣì ń sá a. Ìyẹ́ ni mo dúró lé.

Bàbá_Gíà

Monaco lọ́ra, ìyàtọ̀ nìyẹn. Tóo bá ṣì ní ìyẹ́ ni, gbọ́ èyí. Lẹ́yìn 1975, Formula 1 ò padà síbẹ̀ mọ́, Jarama gbà á, lẹ́yìn náà Jerez ní 1986, lẹ́yìn náà Montmeló ní 1991. Ṣùgbọ́n Montjuïc ò kú ní 1975. Alùpùpù ṣì ń sáré níbẹ̀. Ìdíje àgbáyé alùpùpù dé ibẹ̀ ní 1976, lẹ́yìn náà ó ku ìdíje wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti ń ṣe láti 1955. Tọ̀sán tòru ni wọ́n fi ń yí òkè yẹn, Bultaco, Montesa, Ducati. Ìyẹn náà ń pa wọ́n. Ọdún 1986 ni awakọ̀ kan tún kú, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa pátápátá. Alùpùpù wọ̀nyẹn, Wẹ́dà, èwo nínú wọn ló gbé ìyẹ́ lẹ́yìn?